Ẹ Má Kẹ́ Koríko Yín Bàjẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Lóṣù tó kọjá mo fi fọ́tò koríko kan tó wà níwájú ilé mi ní Dallas sójú ewé yìí, èyí tó pọ́n bí epo pupa tí oòrùn ń yọ lára ẹ̀, mi ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ púpọ̀, àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìtìwìtì. Little bluestem lorúkọ ẹ̀, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Schizachyrium scoparium. Ọmọ bíbí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó ti wà lórí pápá ńlá tó wà láàárín orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní prairie, láti ayébáyé. Mo ti ṣa márùn-ún nínú lẹ́tà yín, àwọn tó gùn jù mo gé wọn kúrú díẹ̀, ẹ má bínú.

Anti Ọlọ́gbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Round Rock ní Texas là ń gbé, ilé tuntun la rà, àwọn tó kọ́ ọ ti ha gbogbo ilẹ̀ dúdú orí ẹ̀ lọ, òkúta funfun wẹ́wẹ́ àti eruku ló kù níwájú ilé, oòrùn sì ń pa ibẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ra little bluestem méjìlá lóṣù March. Torí mo rí i wípé ilẹ̀ yẹn ò dáa, mo ra ilẹ̀ dúdú oníbáàgì mẹ́wàá dà síbẹ̀, mò ń fún un ní ajílẹ̀ lóṣooṣù, mò ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Ó ga lóòótọ́, ó kọjá ìbàdí mi, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di August gbogbo ẹ̀ ti là sí méjì láti àárín, ó sùn sílẹ̀ gbalaja, kò sì pọ́n bíi tiyín, ó kàn dà bí ewé gbígbẹ lásán. Kí ni mi ò ṣe tó? Màmá Ìbejì, Round Rock.

Màmá Ìbejì mi, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ ò ṣe tó, èyí tẹ́ ẹ ṣe ló pọ̀ jù. Ẹ ti sọ koríko yẹn di àkẹ́bàjẹ́. Mo mọ̀ wípé ó máa dun yín láti gbọ́ torí owó àti agbára tẹ́ ẹ ti ná, ṣùgbọ́n ilẹ̀ funfun olókùúta tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe, ilé ẹ̀ gan-an nìyẹn. Orí òkè olókùúta ẹfun bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń hù fúnra ẹ̀ ní gbogbo àárín Texas, kò sẹ́ni tó ń bu ajílẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín. Tí oúnjẹ bá pọ̀ fún un, ńṣe ló máa ga fìọ̀fìọ̀ láìlágbára, igi ara ẹ̀ á rọ̀, á wá wúwo lórí, ìjì kékeré kan tàbí òjò alẹ́ ọjọ́ kan ló máa tẹ́ ẹ sílẹ̀. Èyí tí ebi ń pa díẹ̀ ló máa ń dúró ṣinṣin, ó lè má ju ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n á nàró bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé dúró.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa torí òun ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbòǹgbò koríko yìí lè wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́jọ, ẹ fojú wo gíga èèyàn kan tó dúró nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń wá omi tí gbogbo nǹkan tó wà lókè bá ti gbẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ wípé lójoojúmọ́ lẹ̀ ń wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sókè ilẹ̀, kí ló máa wá lọ sísàlẹ̀ wá? Gbòǹgbò ẹ̀ á jókòó sókè níbi tí omi wà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá rìnrìn àjò lọ sílé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó parí. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló nílò omi yín, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ bu ú dáadáa kó wọlẹ̀ lọ jìnnà, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ kí òkè ilẹ̀ gbẹ. Láti ọdún kejì, àfi tí òjò bá kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹ ẹ̀ níí gbàgbọ́ ẹni tó jẹ́ ìbátan ẹ̀. Ọkà bàbà, àgbàdo, ìrèké, àti koríko ọba tá a fi ń se tíì, agboolé kan náà ni gbogbo wọn pẹ̀lú bluestem. Gbogbo wọn ló ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà lo oòrùn àti ooru tí àwọn koríko ilẹ̀ tútù ò ní, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ wípé nígbà tí lawn àwọn aládùúgbò bá ń kú nínú oòrùn July, tiẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbádùn ayé ni. Ìdí kan náà ló fi máa ń pẹ́ jí. Ẹlòmíì á rí i ní ìparí March kò tíì yọ ewé, á ní ó ti kú, á fà á tu. Ẹ ní sùúrù fún un, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà báyìí, ẹ má gé e lóṣù November yìí, ẹ má yọ ọ́. Tó bá di ìparí February, ẹ gé gbogbo ẹ̀ lulẹ̀ kó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tí ewé tuntun ń yọ orí nídìí ẹ̀, ẹ wa gbogbo ẹ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì tó mú pín èyí tó bá ti tóbi sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kó ilẹ̀ dúdú báàgì yẹn kúrò, ẹ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ wá dá koríko yín padà sínú òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì sáàárín ọ̀kan àti èkejì. Ìdí ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba tàbí kó yọ sókè díẹ̀, ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bo ilẹ̀ ibẹ̀ kí koríko míì má hù, òkúta wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èèpo igi tó máa ń di omi mọ́ ọn nídìí tó sì máa ń mú un jẹrà. Ajílẹ̀ ńkọ́? Rárá. Kò gba ìyẹn láéláé.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, ìgbẹ́ adìẹ ni mo dà sí i nídìí torí bí ìyá mi ṣe ń ṣe sí ẹ̀fọ́ nìyẹn, mo rò wípé bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó nìyẹn. Mẹ́jọ ni mo gbìn. Nígbà tó fi máa di September, mo ti fi okùn so gbogbo wọn mọ́ igi kí wọ́n lè dúró, wọ́n wá dà bí aláìsàn tí wọ́n gbé ọ̀pá fún. Mẹ́ta nínú wọn jẹrà nídìí nígbà òtútù. Àwọn márùn-ún tó kù, mo gbé wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mọ́tò, níbi tí ilẹ̀ ti le bí kọnkéré, mi ò sì wo ibẹ̀ mọ́. Àwọn lẹ rí nínú fọ́tò yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn koríko yìí báyìí, ẹ kúnlẹ̀ tì í lóṣù May kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀ dáadáa. Igi rẹ̀ ò rí róbótó, pẹlẹbẹ ló rí bíi rìbọ́ọ̀nù. Àwọ̀ ẹ̀ máa ń jẹ́ búlúù tó dà mọ́ àwọ̀ ewé, bí ẹ bá fi àtàǹpàkò nu ún, ohun funfun kan bí ẹfun á kúrò lára ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ á wá jẹ́ ewé lásán. Ohun tó dà bí ẹfun yẹn ni búlúù yẹn, òun náà ló ń bá a di omi mú sára nínú ooru. Tó bá di August, pupa á bẹ̀rẹ̀ láti orí kókó igi ẹ̀, bí èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lára pọ́pórò ọkà bàbà. Láti October lọ, gbogbo ẹ̀ á di bàbà, á di osùn, á di pupa rúsúrúsú, òdòdó ẹ̀ á wá tú sóde bí òwú kéékèèké tí wọ́n tò gbà ibí gba ọ̀hún lára igi tín-ín-rín. Á sì wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù bá ti kú fín-ínfín-ín. Lọ́dún 2022, òun ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ohun ọ̀gbìn tó máa ń hù padà lọ́dọọdún nílẹ̀ Amẹ́ríkà yàn gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀gbìn ọdún náà, inú mi sì dùn bí ẹni wípé ọmọ mi ló gba ẹ̀bùn.

Ohun kan ṣoṣo tó kù, Màmá Ìbejì: ẹ wo orúkọ tó wà lára pátákó kékeré tó wà nínú ike tẹ́ ẹ rà. Tó bá jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní The Blues, ìyẹn búlúù ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ dùbúlẹ̀ tí wọ́n bá kẹ́ ẹ. Standing Ovation ló máa ń dúró gbọn-in. Ẹ tún lè lọ wo èyí tó hù fúnra ẹ̀ ní ọgbà ńlá tí Lady Bird Johnson ìyàwó ààrẹ ìjọ́sí dá sílẹ̀ ní Austin lọ́dún 1982, kò jìnnà sí yín, ẹ kó àwọn ìbejì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Saturday kan.

Anti mi, ilé wa ní Katy lẹ́bàá Houston, ilẹ̀ wa sì dúdú, ó ń lẹ̀ bí ọbẹ̀ ewédú tí òjò bá rọ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé á la ẹnu. Mo gbin bluestem mẹ́fà, méjì ti kú. Ọkọ mi ní igbó ni mo ń gbìn síwájú ilé òun, HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa, náà sì ti kọ lẹ́tà wípé ká gé koríko wa. Ó rẹ̀ mí o. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, Katy.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ilẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ yẹn kọ́ ló pa á o, èmi náà lórí irú ẹ̀ ni mo wà ní Dallas níbí, koríko yìí gan-an ló sì bo pápá ilẹ̀ dúdú Texas tẹ́lẹ̀ kí àwọn àgbẹ̀ tó tú u. Omi tó dúró sí i nídìí ló pa á, Houston sì tẹ́jú bí àwo, omi ò ríbi lọ. Nítorí náà ẹ kọ ebè fún un. Ebè iṣu tẹ́ ẹ mọ̀ nílé yẹn náà ni, ẹ wa ilẹ̀ yín pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀, kó ga tó ínǹṣì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ẹ gbìn ín sórí ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbìn, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ rọ omi kún un, kó fà, ẹ tún rọ ọ̀kan sí i, tó bá di ọjọ́ kejì tí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ wá ibòmíì nínú ọgbà yín.

Ti HOA, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì bá wọn jà. Láti ọdún 2013, òfin Texas ti sọ wípé HOA ò lágbára láti ní kẹ́nikẹ́ni má gbin ohun tí kì í mu omi púpọ̀ síwájú ilé ẹ̀. Ohun tí òfin fún wọn láyè láti ṣe ni kí wọ́n ní kẹ́ ẹ mú àwòrán ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe wá kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ láìnídìí. Nítorí náà ẹ ya àwòrán yẹn, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ẹ fi ibi tí koríko máa wà hàn, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí i, kí wọ́n mọ̀ wípé rírà lẹ rà á, kì í ṣe wípé ẹ ò ráyè gé lawn.

Ọkọ yín náà, ẹ má dá a lẹ́bi, bí a ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn, koríko níwájú ilé túmọ̀ sí ejò, ó túmọ̀ sí wípé ọ̀lẹ ló ń gbé ibẹ̀. Bàbá tèmi tó bá rí koríko kan ṣoṣo lágbàlá, ọkọ́ ló ń wá. Ohun tó ń mú kí ojú rí nǹkan bí ọgbà ni etí ẹ̀. Ẹ to òkúta yí i ká, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tó wọ ẹnu ilẹ̀kùn mọ́ tónítóní, ẹ gbìn ín ní mẹ́ta tàbí márùn-ún síbì kan náà dípò ọ̀kan níbí ọ̀kan lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi òdòdó tó ní àwọ̀ sáàárín ẹ̀, irú coneflower tàbí black-eyed Susan, oòrùn kan náà ni wọ́n jọ fẹ́ràn. Lọ́jọ́ tí ọkọ yín bá rí àwọn ológoṣẹ́ tó wá ń ṣa irúgbìn ẹ̀ jẹ láàárọ̀ December, ẹ pè é wá sójú fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n, mi ò nílẹ̀, bálíkónì, ìyẹn ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ni mo ní, ní Maryland, àjà kẹta. Ṣé ó lè wà nínú ìkòkò? Bọ̀dá Káyọ̀dé.

Ó lè wà dáadáa, Bọ̀dá, tí bálíkónì yẹn bá ń rí oòrùn tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ìkòkò tó jìn ni kẹ́ ẹ rà, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ó kéré tán, kó ní ihò nísàlẹ̀. Ilẹ̀ báàgì tí wọ́n ń tà fún ìkòkò ti sanra jù fún un, ẹ po ìdajì ẹ̀ mọ́ iyanrìn líle àti òkúta wẹ́wẹ́. Ti ìkòkò, ẹ̀ẹ́ máa bomi rin ín ju ti ilẹ̀ lọ torí gbòǹgbò ẹ̀ ò ríbi sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó fi òmíì sí i. Ẹ má gbé e wọlé nígbà òtútù o! Ìta ló fẹ́, yìnyín ò ní pa á, Canada gan-an ló ń hù dé.

Anti, ẹ káàsán mà. Mò ń kàwé ní Manhattan, Kansas, kì í ṣe ti New York o. Ní April mo rí i tí gbogbo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ń jó lálẹ́, ẹ̀rù bà mí, mo rò wípé ìjàm̀bá ni, àfi bí wọ́n ṣe ní àwọn ló mọ̀ọ́mọ̀ ń dáná sun ún, wípé koríko inú fọ́tò yín ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń jó nǹkan tó rẹwà báyẹn? Ṣé èmi náà lè sun tèmi dípò kí n máa gé e? Ọmọ yín, Kansas.

Ọmọ mi, o ṣeun tóo kọ̀wé, ìwọ ló wà níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Òkè tóo rí yẹn ni wọ́n ń pè ní Flint Hills. Nígbà kan rí, pápá koríko gíga bo ilẹ̀ tó tó 170 mílíọ̀nù éékà nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ fi ohun ìtúlẹ̀ tú u, wọ́n fi gbin àgbàdo àti wíìtì, èyí tó kù lónìí ò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí tí tiyín fi ṣẹ́kù ni wípé òkúta ló wà lábẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ò nípọn, ohun ìtúlẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́. Àìdáa ilẹ̀ ọ̀hún ló gba koríko yẹn là. Nígbà tí wọ́n sì tú èyí tó wà lápá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀, tí òjò wá kọ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1940, kò sí gbòǹgbò tó máa di ilẹ̀ mú mọ́, atẹ́gùn gbé ilẹ̀ lọ. Ní April 14, 1935, eruku bo oòrùn mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n ṣì ń pe ọjọ́ yẹn ní Sunday Dúdú títí dòní. Èmi kì í lè ronú kan ọjọ́ yẹn kí n má wo koríko iwájú ilé mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Iná yẹn, ìwọ náà ti rí i nílé, àfi tó bá jẹ́ wípé Èkó nìkan lo dàgbà sí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, pápá á jó, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ewé tútù á ti rú yọ láti inú eérú, àwọn Fúlàní á kó màlúù débẹ̀. Nǹkan kan náà ni. Ibi tí koríko yìí ti ń yọ ewé tuntun, nínú ilẹ̀ ló fi pamọ́ sí, iná ò dé ibẹ̀. Èyí tó jó ni ewé gbígbẹ ọdún tó lọ tó ń ṣíji bo ilẹ̀. Tíyẹn bá kúrò, oòrùn á kan ilẹ̀ dúdú náà tààrà, á tètè gbóná, koríko á tètè jí. Iná náà ló ń pa àwọn igi kédárì kéékèèké tí wọn ì bá sọ gbogbo pápá di igbó. Àwọn ìran Kanza tí wọ́n fi orúkọ wọn pe Kansas, àti àwọn Osage, wọ́n ti ń finá sun ún kí òyìnbó tó dé. Yunifásítì tó wà nílùú tóo wà yẹn náà ní pápá kan tí wọ́n ń pè ní Konza, wọ́n ti ń ṣèwádìí níbẹ̀ láti ọdún 1971, wọ́n ń sun apá kan lọ́dọọdún, apá kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, apá kan lọ́dún mẹ́rin, apá kan lógún ọdún, kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lè rìn nínú ẹ̀, ọ̀nà ìrìn wà. Lọ síbẹ̀ ní October kóo wo àwọ̀ ẹ̀. Ìjọba Kansas fúnra wọn ti sọ ọ́ di koríko ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún 2010, Nebraska ti ṣe tiwọn láti 1969.

Ṣùgbọ́n ìwọ ò gbọdọ̀ sun tìẹ o, mo bẹ̀ ọ́. Àwọn tóo rí yẹn mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, wọ́n gba àṣẹ, wọ́n gbé omi dání, wọ́n pọ̀. Koríko gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onípákó Amẹ́ríkà, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi dánra wò. Tìẹ, fi àdá kékeré tàbí sísọ́ọ̀sì ọgbà gé e lulẹ̀ ní March, iṣẹ́ kan náà nìyẹn máa ṣe. Tóo bá fẹ́ jẹ́ onínúure, má gé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fi díẹ̀ sílẹ̀ dọdún tó ń bọ̀, torí àwọn ìdin labalábá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní skipper ń sùn sínú ìdí ẹ̀ nígbà òtútù.

Ẹ kú àtijọ́, Anti. Ìbàdàn ni mo wà o, ní Mọníyà. Mo rí fọ́tò koríko yín lórí fóònù ọmọ mi, ojú mi ò kúrò lára ẹ̀. Ilẹ̀ wa yangí ni, kò gba nǹkan. Àbúrò mi ń bọ̀ láti Houston lóṣù December, ṣé kó fi irúgbìn ẹ̀ díẹ̀ sínú àpótí fún mi? Alhaja Mọníyà.

Alhaja, ẹ kú ilé o, ẹ bá mi kí gbogbo ará Mọníyà. Mo mọ bó ṣe rí tí ojú bá ti rí nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí àbúrò má gbé e. Àkọ́kọ́, òfin ò gbà á, àjọ tó ń rí sí ohun ọ̀gbìn tó ń wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fúnni níwèé àṣẹ, ilẹ̀ tó ti kúrò náà sì gbọ́dọ̀ fúnni níwèé wípé kò sí àrùn lára ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, koríko ilẹ̀ tó ní òtútù ni, ó fẹ́ sùn lóṣù mẹ́ta mẹ́rin lọ́dún, àwọ̀ pupa yẹn sì ń bá òtútù alẹ́ àti ọjọ́ kúkúrú rìn. Lórí yangí Mọníyà kò ní rí ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù. Ẹ mọ eruwà, koríko gíga tó ń hù lápá Òkè-Ògùn, tí àwọn ará àtijọ́ ń gé? Ọ̀kan nínú ìran ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní gamba lédè òyìnbó, àwọn ará Australia kó o kúrò nílẹ̀ Áfíríkà lọ gbìn fún màlúù jẹ láti bí ọdún 1930 síwájú. Nílé wa kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ní Australia ó di àjàkálẹ̀, ó ga tó mítà mẹ́rin, ó lé koríko ibẹ̀ lọ, tí iná bá wá mú un, iná tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì ló ń jó, ó ń pa igi tí iná ò pa rí. Lọ́dún 2008, ìjọba apá àríwá ibẹ̀ ṣòfin lòdì sí i. Nǹkan tó dáa ní ilé ẹ̀ lè di ogun nílé onílé, Alhaja, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bá yín gbé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tẹ́ ẹ lè ṣe. Aburo little bluestem gan-an ń hù nínú pápá ilẹ̀ wa, wọ́n ń pè é ní Schizachyrium sanguineum, sanguineum yẹn túmọ̀ sí pupa bí ẹ̀jẹ̀, ẹ wòye ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò nílò orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i. Tí òjò bá ti ń lọ, láti October sí December, ẹ bọ́ sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn tàbí Èrúwà, ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí ilẹ̀ ti le, ẹ máa rí koríko tínrín tó ń dì papọ̀ nídìí kan, tó ti ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ, tí orí ẹ̀ funfun hóró-hóró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, nígbà tí gbogbo ìlú ń gbé koríko wá bo ààfin Aláàfin, ẹ mọ̀ wípé àwọn baba wa ò fojú yẹpẹrẹ wo koríko. Ẹ ní kí onílẹ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ já orí gbígbẹ ẹ̀ ọwọ́ kan, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú àpò bébà níbi tí kò ti ní rí omi. Tó bá di April tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fi ràké ha ojú yangí yẹn, ẹ fọ́n irúgbìn sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má bo ó jù. Kò sí ajílẹ̀, kò sí ìgbẹ́ adìẹ. Ọdún àkọ́kọ́ ó lè kéré lójú yín, gbòǹgbò ló ń ṣe. Ní November ọdún kejì, ẹ gbé àga síta ní bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí koríko yẹn wà láàárín ẹ̀yin àti oòrùn tó ń wọ̀, kẹ́ ẹ wá ní kí ọmọ yín ya fọ́tò ẹ̀ fún mi.